Àbúrò Mi, Etí Àwòrán Ni Kó O Kọ́kọ́ Wò

Àbúrò mi, súnmọ́ mi, ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ìwọ tó ń ránṣọ ní Elavagnon, ní Tógò, tó o sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ han aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má fi àwòrán ràgàjì tẹ́ ẹ̀yìn ojúewé rẹ mọ́. Dátà oníbàárà ló ń jẹ. Kó tó ṣí tán, ẹni tó fẹ́ rajà ti bá tirẹ̀ lọ. Àwòrán kékeré onígun mẹ́rin ni kó o lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù máa fà á wọlé, á wá máa tò ó léra títí ojúewé á fi kún.

Etí ló máa ń tú àṣírí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀tún kò bá bá òsì mu, tí òkè kò sì bá ìsàlẹ̀ mu, ojú ìrán á hàn kedere, bí ìgbà tí télọ̀ gé ankárá tí òdòdó rẹ̀ kò pàdé ara wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Mú bébà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ya àwòrán sí àárín, má jẹ́ kó kan etí. Gé e sí méjì lóòró, gbé apá ọ̀tún sí òsì, gbé tòsì sí ọ̀tún, kó o lẹ̀ wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn. Tún gé e níbùú, kí tòkè bọ́ sísàlẹ̀, kí tìsàlẹ̀ gòkè. Àwòrán rẹ á ti pín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín á sì ṣófo. Ya nǹkan mìíràn dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan etí mọ́. Ó parí! Fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kó o lè gbé e sórí ojúewé rẹ. Tó o bá ní kọ̀ǹpútà, ètò ìyàwòrán tó ń jẹ́ GIMP ní àṣẹ kan, Offset, tó ń ṣe ìpààrọ̀ yìí, Krita náà sì wà: tẹ W, wàá máa rí bí ó ṣe ń tò léra bó o ṣe ń yà á. A kì í sanwó fún GIMP.

Àwòrán wo lo máa yà? Wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ máa ń pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n tò pọ̀ mọ́ ṣíbí. Ìwọ náà lè ya ewé iṣu tàbí òwú oko yín.

Ṣùgbọ́n má ya fọ́tò ankárá ọjà kó o sọ ọ́ di tìrẹ. Àwòrán lówó lórí: ní Lomé, ohun tó sọ àwọn ìyá aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz di olówó nígbà kan rí ni pé oníkálukú wọn ní àwòrán aṣọ Vlisco, tó ń ti Netherlands wá, tí òun nìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti tà nígbà náà.

Kó o tó gbé e jáde, tẹ ẹ̀dà mẹ́rin, tò wọ́n méjì-méjì, kó o sún sẹ́yìn. Ibi tí ojú rẹ bá ń sáré lọ ṣáá ló pọ̀ jù. Dín in kù. Bí ọ̀rọ̀ bá máa wà lórí rẹ̀, jẹ́ kí àwọ̀ náà ṣá, kí lẹ́tà lè hàn.

Àwòrán kan yìí náà lo lè tẹ̀ sára àpò bébà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti bébà tí a fi ń wé ẹ̀bùn. Àbúrò mi, bébà kan àti sísọ́ọ̀sì ti tó ẹ láti bẹ̀rẹ̀. Ṣe é lónìí.