Àjàrà Wa, Ajara Wọn

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi dá lé ọ̀rọ̀ àyálò, òun ló gbé mi dé ìdí wáìnì Georgia. Kì í ṣe Georgia ti Amẹ́ríkà o. Èyí tó wà létí Òkun Dúdú ni.

Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹbí ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn pọn wáìnì. Ìkòkò amọ̀ ràgàjì tí wọ́n ń pè ní qvevri ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn. Wọ́n á tẹ èso àjàrà, wọ́n á da omi rẹ̀ pẹ̀lú èèpo àti kóró sí i. Ìwúkàrà tó wà lára èso náà ti tó láti mú un hó. (Ẹni tó bá mọ ẹmu kò ní bèèrè ẹ̀rí.) Tó bá hó tán, wọ́n á dé e pa fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ilẹ̀ á sì máa mú un tutù láìlo iná mànàmáná. Nígbà ìjọba Soviet, irú àjàrà díẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba gbájú mọ́. Ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ti rí ibi sá sí. UNESCO kọ iṣẹ́ náà mọ́ ohun àjogúnbá ní 2013.

"Ghvino" ni wọ́n ń pe wáìnì. Ó jọ "vinum" ti Látìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹbí Kartvelian ni èdè Georgia wà, Látìn wà nínú ti Indo-European. Ta ló yá a lọ́wọ́ ta? Àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kéde pé àpáàdì tí wọ́n hú níbẹ̀ ní àmì wáìnì tó ti tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ẹ̀rí ńlá ni, ṣùgbọ́n àpáàdì kò lè sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n mu.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rè é: agbègbè kan wà ní Georgia tí àwọn kan ń kọ ní Ajara, wọ́n sì ń gbin àjàrà níbẹ̀. Àjàrà ní Ajara! Ẹ má tíì pariwo. Ach'ara ni àwọn onílẹ̀ ń pè é, kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn ló sì wà láàárín rẹ̀. J tí ẹ ń wò yẹn, ọ̀nà èdè mìíràn ló gbà wọlé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ch' tiwọn ti bá j tiwa dọ́gba léraléra, ẹ ò ní rí. Wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Irú ìjọra báyìí ni J. Olumide Lucas fi so Yorùbá mọ́ Íjíbítì nínú ìwé rẹ̀ ti 1948, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣì ń tọ ipa rẹ̀. Ẹni tó bá gba tirẹ̀ ní láti gbà pé ará Georgia náà ni wá.