Ó Ń Wàásù Nínú Àhámọ́

Kà: Hébérù 13:3

Ní 1948, ìjọba Kọ́múníìsì ní Ròmáníà mú Pásítọ̀ Richard Wurmbrand nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọdún 14 ló lò lẹ́wọ̀n lápapọ̀. Fún nǹkan bí ọdún 3, òun nìkan ló wà nínú àhámọ́ abẹ́ ilẹ̀, láìsí Bíbélì, láìsí ìjọ. Síbẹ̀, lóròòru ló ń wàásù.

Olùfẹ́, ìyìn tọ́ sí irú wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ, èé ṣe tí àdúrà òwúrọ̀ fi di ẹrù fún ọ? Má ṣe fi ẹnu lásán yìn wọ́n: fara wé ìgbàgbọ́ wọn, kí o sì gbàdúrà fún àwọn tó wà nínú ìdè lónìí.

Àdúrà: Olúwa, fi agbára fún àwọn tó ń jìyà nítorí Rẹ. Jí mi lójú oorun, ní orúkọ Jésù. Àmín.