Owó tí a Fi Lé Ìyá Lọ́wọ́

Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fi owó ran ìdílé aláìní lọ́wọ́, ta ni ó yẹ kí ó gbà á, baba ni tàbí ìyá? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Bràsíìlì.

Ní ọdún 2003, ìjọba Ààrẹ Lula dá ètò Bolsa Família sílẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń san owó fún àwọn ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré jọjọ. Ìyá ni òfin fi ṣíwájú láti gbà á. Nínú 100 káàdì tí wọ́n fi ń gba owó náà, ó lé ní 80 tí ó wà ní orúkọ obìnrin. Àdéhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọmọ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé-ìwé déédéé, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, aláboyún sì gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò. Ní ọdún 2021 wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 wọ́n dá a padà.

Ǹjẹ́ owó yìí sọ obìnrin di ẹni tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé? Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ní àwọn ìlú ńlá, ìyàwó túbọ̀ ń ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ìpinnu ilé. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko, wọn kò rí irú ìlọsíwájú bẹ́ẹ̀. Owó kan náà ni, èso rẹ̀ kò dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni èyí: owó lè wọ ọwọ́ obìnrin láìjẹ́ pé àṣẹ bá a wọlé. Bí ó bá gbà á tán, tí ẹlòmíràn sì ń pàṣẹ bí yóò ti ná an, akápò lásán ni a fi í ṣe. Ẹ tún kíyè sí àdéhùn wọ̀nyẹn. Ta ni ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́? Ta ni ń ṣọ́ ọ kí ó má baà pa ilé-ìwé jẹ? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá náà ni. Bí baba bá wá ká ọwọ́ tirẹ̀ kò nítorí pé ìjọba ti fún ìyàwó ní nǹkan, ẹrù ni ó dì kún ẹrù rẹ̀. Ọwọ́ kan kò sì lè gbé igbá dé orí.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba, bí owó bá tẹ ìyàwó yín lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè èrò rẹ̀ kí ẹ tó sọ tiyín, ẹ má sì ṣe dín owó oúnjẹ kù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ ohun tí ẹ fi owó náà ṣe, kí ìfura má baà wọ inú ilé.