Odò Tó Wà Nínú Òkun: Ẹ̀kọ́ fún Òmùwẹ̀ Odò Tó Fẹ́ Lọ sí Bíìṣì

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti agbègbè Ìràwọ̀, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wá, inú odò la ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ fojú kan òkun. Ẹni tó sì máa ń gbójú jù nínú wọn ni ẹni tó mọ odò wẹ̀. Òun gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún, nítorí ohun tó mọ̀ lè gbà á là, ó sì lè pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo bí omi ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Ìgbì tó ń bọ̀ láti ojú agbami máa ń fọ́ nígbà tó bá kan òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi. Gbogbo omi tí ìgbì bá dà sí etíkun gbọ́dọ̀ padà. Bí àlàfo bá wà láàrin òkìtì kan sí èkejì, ibẹ̀ ni yóò gbà, nítorí ibẹ̀ ló jìn jù. Omi tó tàn kálẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá kóra jọ sí ọ̀nà tóóró kan, á sì máa sáré. Odò ni, inú òkun ló kàn wà. Kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀ o, ohun yòówù kí wọ́n ti sọ fún yín. Ojú omi ló ti ń gbé e lọ sí agbami. Àárẹ̀ àti ìpayà ló ń jẹ́ kó rì.

Ibi tó ti ń tan òmùwẹ̀ odò jẹ nìyí. Lódò, ibi tí omi ti ń hó lórí àpáta la máa ń sá fún, ibi tó dákẹ́ la máa ń wọ̀. Létí òkun, ojú ìṣàn náà jìn, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń pa rọ́rọ́, ó sì máa ń dúdú díẹ̀ láàrin ibi méjì tó ń hó funfun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Rob Brander, onímọ̀ nípa etíkun ní University of New South Wales ní Ọsirélíà, máa ń da aró aláwọ̀ àlùkò sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i bó ṣe ń lọ tààrà sí agbami. Àwa ò ní aró, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀wọ́tà kò wọ́n ní bíìṣì wa. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ gíga fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wọ omi, kẹ́ ẹ wo ibi tí ìdọ̀tí ń gbà padà.

Ìṣàn yìí lè máa lọ ní nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn èyí tó kọjá mítà 2. Ní 2009, César Cielo ará Brazil fi ìṣẹ́jú àáyá 20.91 wẹ mítà 50 nínú adágún ìwẹ̀. Ìyẹn kò ju mítà 2.4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, akọni àgbáyé sì ni. Ta ni nínú wa tó fẹ́ bá omi figagbága?

Bí òmùwẹ̀ wa bá fẹ́ sọdá odò Ògùn lákòókò òjò, ṣé ó máa ń kọjú sókè odò bá omi jà? Rárá. Á dábùú omi, á jẹ́ kó gbé òun díẹ̀, á sì gúnlẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tó ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú òkun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ń wo iyanrìn níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ dúró sí, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ni bèbè. Kì í ṣe ibẹ̀. Bèbè odò yìí wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan tán lórí èyí. Ní 2010, Jamie MacMahan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ju àwọn ohun tó ń léfòó, tó ní GPS, sínú irú ìṣàn yìí. Èyí tó pọ̀ jù kò lọ sí agbami, ńṣe ló ń yí po tí ìgbì ń dá a padà. Àwọn kan wá ní kí ènìyàn kàn léfòó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìṣàn ló ń yí po. Lójú tèmi, kí a kọ́kọ́ léfòó kí mímí lè balẹ̀, kí a nawọ́ sókè, kí a tó dábùú.

Ní Èkó, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté láàrin 1908 sí 1912. Iyanrìn tí omi ń kó bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn dúró sẹ́yìn rẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìlà oòrùn. Tarkwa Bay, tí ògiri náà dáàbò bò, rọ̀ ju àwọn etí òkun gbayawu lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta èyíkéyìí: bí omi tó ń rìn lẹ́bàá etíkun bá kàn án, á yí sí agbami.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ gba ẹlòmíràn là ló le jù. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 1938, ní Bondi ní Sydney, ìgbì gbá ọ̀pọ̀ èrò kúrò lórí òkìtì iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí 250 ni wọ́n fà yọ, ènìyàn 5 ló kú. Ẹgbẹ́ agbẹ̀mílà wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń bẹ́ sómi tẹ̀lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin, tàbí tíúbù táyà, sí i. Ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ tàbí apẹja tó ní ọkọ̀.

Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Afẹ́fẹ́ ló nílò: kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà kó máa tẹ àyà rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹ̀dọ̀fóró tí omi wọ̀ lè dà á láàmú ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ Ìsẹ́yìn.