Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ṣímínì Gíga Kò Dín Èéfín Kù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àgbà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ń fi igi tútù dáná láti ìgbà èwe, ẹ̀yin baba tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń bá sùn tó sì ń bá jí, n kò ní í jókòó máa sọ fún yín pé èéfín a máa ta ojú, a sì máa há ọ̀fun. Èyí tí a óò jókòó tì lónìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣáájú yín nínú kíláàsì yìí kò tètè gbà, nítorí wọ́n ní bí ilé-iṣẹ́ amúnáwá bá ti lè mọ ṣímínì rẹ̀ ga sókè réré, wàhálà tán. Wàhálà kò tán rárá. Ṣímínì gíga kò dín èéfín kù. Ó kàn ń rán an sí ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Ní etí odò Ohio, èédú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n wà ní Enúgù láyé ìjọba òyìnbó, ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń sun láti fi ṣe iná mànàmáná. Imí-ọjọ́ wà nínú èédú náà, bí iná bá sì ti ràn án, yóò bá èéfín jáde. Nígbà tí òfin ọdún 1970 ní kí afẹ́fẹ́ àdúgbò mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dín imí-ọjọ́ kù. Ṣímínì ni wọ́n gbé ga. Wọ́n kọ́ ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Ohio tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,103: bí a bá to Ilé Kókó mẹ́ta léra wọn ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, wọn kò tíì bá a dọ́gba. Àdúgbò mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè gba èéfín náà, ó gbé e lọ sí ìlà-oòrùn ní ọ̀nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì, imí-ọjọ́ bá omi inú ìkúùkù pò, ó di òjò kíkan, òjò náà sì rọ̀ sórí òkè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, títí ọ̀pọ̀ adágún ibẹ̀ fi kan débi pé ẹja kò lè gbé inú wọn mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú í tọ̀. Níhìn-ín, ẹni tó da eérú jókòó pẹ̀sẹ̀, ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n dà á ni eérú tọ̀ lọ. Ẹ bá mi kà á sókè: ṣímínì gíga kò dín èéfín kù. Ẹni tó sì ń dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí ilé aládùúgbò kí ó tó finá sí pàǹtírí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí kọ́ nìyẹn.

Kí ló wá dín in kù? Gbèdéke ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1990, Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí òfin tó fi gbèdéke lé àpapọ̀ imí-ọjọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá ilẹ̀ náà lè tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dún. Òfin yìí kò béèrè bí ṣímínì ti ga tó; iye tọ́ọ̀nù tó ń gba ẹnu rẹ̀ jáde ló béèrè. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sí ṣímínì, ilé-iṣẹ́ tó bá sì kọjá iye tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà á láyè yóò san 2,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó fi lé. Ẹni tó bá dín tirẹ̀ kù jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ta ìwé àṣẹ tó ṣẹ́kù fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ gbogbo wọn kò gbọdọ̀ rékọjá gbèdéke. Ìgbà náà ni oníkálukú dá ọgbọ́n: òmíràn ra èédú tí imí-ọjọ́ rẹ̀ kéré, òmíràn lọ òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ó pò ó mọ́ omi, ó ń fọ́n ọn sí èéfín kí ó tó jáde, ẹfun a sì gbá imí-ọjọ́ mú.

Ní 1980, èéfín imí-ọjọ́ láti àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí lé ní mílíọ̀nù 17 tọ́ọ̀nù. Ní 2010, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé gbèdéke túmọ̀ sí kí a pa iná. Kò rí bẹ́ẹ̀: iná mànàmáná tí wọ́n ń ṣe ní 2010 pọ̀ ju ti 1980 lọ. Èéfín ni wọ́n fi gbèdéke lé, kì í ṣe iná.

Kì í sì í ṣe ẹja nìkan ló jèrè. Imí-ọjọ́ kan náà a máa di eruku lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò rí, tí í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ó ti ń dín kù lẹ́nu ṣímínì ni àwọn ìlú ìlà-oòrùn tó jìnnà réré ń mí afẹ́fẹ́ tó sàn. Ní ti adágún, ẹja ti padà sí àwọn kan. Àwọn mìíràn ṣì ń fà sẹ́yìn, nítorí òjò kíkan ọdún púpọ̀ ti fọ èròjà ilẹ̀ tí ìbá pa kíkan omi wọn, ilẹ̀ kì í sì í tètè rí irú rẹ̀ dípò.