Ìwọ Tó Fẹ́ Du Ipò Wẹ́fẹ́à, Dúró Gbọ́ Èyí

Bí ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń súnmọ́lé ní yunifásítì wa, ìlérí àwọn tó ń du ipò wẹ́fẹ́à, ìyẹn alábòójútó ìgbáyégbádùn akẹ́kọ̀ọ́, a máa pọ̀ lára ògiri. Omi yóò máa yọ ní gbogbo họ́ọ̀lù, iná kò ní lọ mọ́, owó bẹ́ẹ̀dì yóò wálẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àbúrò mi, àwọn aláṣẹ yunifásítì ló ń dá iye owó họ́ọ̀lù, ọwọ́ wẹ́fẹ́à kò sì tó iná mànàmáná. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o lọ wo ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí o gbé e lọ sí ọ́fíìsì Díìnì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì máa padà lọ títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Èyí ni kí o fi polongo ìbò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ibùsùn ti gba ẹ̀mí nílẹ̀ yìí rí. Ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ họ́ọ̀lù ní Yunifásítì Ìbàdàn ló yọrí sí ìbọn ọlọ́pàá tó pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971. Lọ́dún 1978, nígbà tí ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ ojúmọ́ di náírà kan àbọ̀ láti orí 50 kọ́bọ̀, tí wọ́n tún fi kún owó ibùgbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde jákèjádò orílẹ̀-èdè, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akíntúndé Òjó, sì kú ní Yunifásítì Èkó. Nítorí náà, má pe ọmọ ọlọ́mọ jáde sí títì nígbà tí o kò tíì kọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù fún ọ ni owó. Ẹni tó bá san owó pósítà àti owó ráìsì tí o pín kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn ìbúra ni yóò wá sọ pé kí o fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sílẹ̀ fún òun. Bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ ní ààyè díẹ̀ nínú họ́ọ̀lù láti pín fún aláìní, tí ìwọ wá tà á, ọmọ opó tó ń sùn sórí ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lo jà lólè. Ná ìwọ̀nba tí agbára rẹ ká. Tí ẹ bá ń dáwó fún aláìsàn, má jẹ́ kó wọ àpò báńkì tìrẹ. Ọsibítù ni kí ẹ san án fún, kí gbogbo ènìyàn sì rí rìsíìtì.

Pípa àṣírí mọ́ náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọbìnrin tí olùkọ́ ń dà láàmú lè wá bá ọ. Má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí WhatsApp, má sì sọ ara rẹ di adájọ́. Bá a lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ, bí ó bá gbà. Ẹni tó bá sọ pé ayé sú òun, mú un lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Má fi òun nìkan sílẹ̀.

Kọ́ ohun tó wà nílẹ̀ kí o tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, wà lábẹ́ òfin ọdún 2024: owó iléèwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì béèrè fún owó ìgbọ́bùkátà ń gba ₦20,000 lóṣù. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé béèrè fún un. Wẹ́fẹ́à tó bá jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi parí fọ́ọ̀mù náà ti ṣe ju ẹni tó pín ráìsì lọ.

Bí èsì ìdánwò rẹ bá ti ń mẹ́hẹ, tàbí tí o kò lè jí lóru tí wọ́n bá pè ọ́, jọ̀wọ́, má gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Wá ẹni tó lè ṣe é, kí o dìbò fún un.