Ta Ló Kọ́kọ́ Kọ̀wé? Ẹ̀kọ́ Lórí Títo Lẹ́tà Ímeèlì

  

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí jẹ mọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Mọ́níyà. Àyè 40 péré ló wà, a sì ti kéde pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ rí àyè. Arábìnrin kan láti abúlé kan lẹ́bàá Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà, jí lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní àyè ti kún, àwọn kò sì rí lẹ́tà rẹ̀. Arábìnrin náà sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: “Nítorí pé ará oko ni mí ni.” Akọ̀wé náà ń búra pé òun kò rí i. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

KÍ LÓ Ń DA TÍTÒ RÚ?

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ohun tó bá rí kà lára lẹ́tà nìkan ló fi ń tò ó. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdàrúdàpọ̀ sábà máa ń gbà wọlé.

(1) Déètì. Ó kéré tán, àkókò méjì ló máa ń wà lára ímeèlì kan: èyí tí ẹ̀rọ ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ, àti èyí tí ẹ̀rọ tó gbà á kọ. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, àkókò ẹni tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Date. Bí bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́ aago bá ti kú, aago yóò padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n kọ lónìí lè wá gbé ọdún 2009 dání, kí ó sì rì sí ìsàlẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà àtijọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin wa nìyẹn.

(2) Dídi lẹ́tà pọ̀. Àwọn ètò kan máa ń kó lẹ́tà kan àti gbogbo èsì rẹ̀ sójú kan. Bí èsì tuntun bá dé, gbogbo ìdì náà lè gòkè, kí lẹ́tà oṣù tó kọjá wá jókòó lórí ti òní.

(3) Orúkọ. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀. Nínú ìlànà ASCII, A ńlá jẹ́ 65, Z ńlá jẹ́ 90, a kékeré sì jẹ́ 97. Nítorí náà, bí ètò kan bá ń fi nọ́ńbà nìkan tò, “abdullah” yóò wá lẹ́yìn “Zainab”. Ti Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lè tẹ Ṣ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, a sì tún lè tẹ S kí á fi àmì sí i nídìí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, Ṣàkírátù kan lè bọ́ sẹ́yìn Zainab, kí èkejì dúró ti Sulaiman. Kí á má sì gbàgbé Muhammad, Mohammed àti Muhammed, tí ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ènìyàn ló ń yan ìlànà títò. Ní ohun tó lé ní 1,200 ọdún sẹ́yìn, Al-Khalīl ọmọ Ahmad, onímọ̀ èdè Lárúbáwá ní Basra, to ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ láti orí lẹ́tà ʿayn, kì í ṣe láti orí alif. Ibi tí ohùn ti ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun wá sí ètè ló fi tò ó. Ẹni tí kò bá mọ ìlànà yìí yóò rò pé ìwé náà dàrú.

(4) Ìwé atọ́ka. Ètò bíi Thunderbird máa ń ní àkọsílẹ̀ kékeré tó fi ń mọ ohun tó wà nínú àpò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá bàjẹ́, títò lè máa yí padà láìnídìí.

OHUN TÍ AKỌ̀WÉ YÓÒ ṢE

Ẹ kọ́kọ́ wo òkè àpò lẹ́tà, kí ẹ mọ ohun tí ẹ fi ń tò. Nínú Thunderbird àti Outlook, ẹ fi Received tò ó, nítorí àkókò tí lẹ́tà dé ni ìyẹn. Ẹ tú àwọn lẹ́tà tí ètò dì pọ̀. Ẹ fi orúkọ ẹni tí ẹ ń retí wá a kí ẹ tó sọ pé kò kọ̀wé. Bó bá ṣì dàrú, nínú Thunderbird, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà pa mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí Properties àpò náà, kí ẹ tẹ Repair Folder.

Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà nígbà tí ẹ bá ń dá a lóhùn: 001, 002, títí dé 040. Bí ẹ bá kọ 2 àti 10 lásán, ètò mìíràn yóò fi 10 ṣíwájú 2. Bákan náà, ẹ máa fi ọdún ṣíwájú oṣù, kí oṣù ṣíwájú ọjọ́: 2024-11-09. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, bí a ṣe ń to álífábẹ́ẹ̀tì náà ni ọjọ́ yóò tò.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Àmánà ni ipò akọ̀wé. Ẹni tó ti Lálúpọn tàbí Ẹ̀gbẹ́dá wá, tó fi owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ní ẹ̀tọ́ kí á wá lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Bí a bá rí i pé ó dé lákòókò, kí á dá àyè rẹ̀ padà fún un, kí á sì tọrọ àforíjì. Àwa tí a kọ̀wé náà, kí á béèrè kí á tó bínú. Nínú Sūratul-Hujurāt ni Ọlọ́hun ti kìlọ̀ fún wa nípa èrò burúkú sí ara wa. Aago tó kú lè fa ìjà láàárín ọmọ ìyá nínú Islām bí a kò bá wádìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Date àti Received?
2. Kí ló dé tí Ṣàkírátù méjì kò fi wà lójú kan?
3. Bí o bá jẹ́ akọ̀wé, báwo ni o ṣe máa fi han arábìnrin Àkànrán pé o kò rẹ́ ẹ jẹ?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ àmánà. Àmín.